Sailor Malan: ó bá Hitler jà lójú òfuurufú, ó padà sílé, ó tún dojú kọ apartheid

Oríadé_Awòtàn ló bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò:

Mo kí gbogbo ilé o. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ bàálù ìjà nínú Ogun Àgbáyé Kejì bá délẹ̀, Douglas Bader, Johnnie Johnson àti àwọn ará Jámánì bíi Galland la máa ń dárúkọ. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan wà láàárín wọn tí mo fẹ́ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Adolph Gysbert Malan lorúkọ rẹ̀. "Sailor" ni wọ́n ń pè é, torí pé ojú òkun ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé òfuurufú.

Wọ́n bí i ní 1910 ní Wellington, ní ìhà Cape ní Gúúsù Áfíríkà. Ọmọdé ṣì ni ní 1924 nígbà tó wọ General Botha, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní iṣẹ́ atukọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó bá ilé iṣẹ́ Union-Castle ṣiṣẹ́ lórí òkun. Ní 1935 ló kọ̀wé sí RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí ogun fi máa bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ó ti wà lára àwọn aṣáájú ní ìkọ̀ 74, tí ibùdó wọn wà ní Hornchurch lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù.

Bàálù ọ̀tá 27 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un pé òun nìkan ló já lulẹ̀, àti 7 mìíràn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ já. Láàárín 1940 sí 1941 ó gba àmì ẹ̀yẹ DFC lẹ́ẹ̀mejì, ó gba DSO lẹ́ẹ̀mejì. Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Czechoslovakia náà dá a lọ́lá. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí awakọ̀ RAF kankan tó ń fò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iye tirẹ̀ ju ti Malan lọ, àfi ìgbà tí Johnnie Johnson kọjá rẹ̀ ní 1944.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ṣí ìjíròrò yìí kì í ṣe iye bàálù. Ní 1951, ọkùnrin yìí, Afrikaner pọ́ńbélé (aláwọ̀ funfun tó ń sọ èdè Afrikaans), ló di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó jáde sí ìgboro láti tako ìjọba apartheid, ìjọba tó ń pín èèyàn níyà nítorí àwọ̀ wọn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá sọ ìtàn Malan tó dúró sí 1945, ìdajì ìtàn ló sọ, ìdajì tó fúyẹ́ sì ni. Ẹ wá bá mi sọ ọ́.

Àṣàkẹ́_M:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. D. F. Malan nìkan ni Malan tí mo mọ̀, olórí ìjọba tó gbé apartheid kalẹ̀ lẹ́yìn ìbò 1948. Ṣé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi là á yé díẹ̀: kí ni Sailor yìí ń ṣe lójú ọ̀run tí àwọn yòókù ò ṣe?

Oríadé_Awòtàn:

Àbúrò mi, orúkọ ìdílé kan náà ni, orúkọ náà sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn Afrikaner ní Cape. Èyí tó kàn wá ni pé nígbà tí Sailor gba ìgboro lọ ní 1951, D. F. Malan yẹn gan-an ni olórí ìjọba tó ń tako.

Ti ojú ọ̀run, mo fi sílẹ̀ fún Ẹ̀rọ_Òun_Ìyẹ́. Òun ló mọ ìyẹn jù nínú gbogbo wa.

Ẹ̀rọ_Òun_Ìyẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Àṣàkẹ́, jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ látorí ìbọn.

Spitfire, bàálù ìjà tí wọ́n ń wà ní 1940, ní ìbọn mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan. Ọta 300 ló wà fún ìbọn kọ̀ọ̀kan. Tí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì gbọ́wọ́ kúrò, gbogbo ọta yẹn á tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Gbogbo ohun ìjà tó gbé lọ nìyẹn. Tó bá tán, kó máa sá lọ sílé ló kù.

Torí pé apá ni àwọn ìbọn náà wà, tí wọn ò sí níwájú, wọ́n máa ń tẹ̀ wọ́n sínú díẹ̀ kí ọta gbogbo wọn lè pàdé níbì kan níwájú bàálù. RAF ní kí wọ́n pàdé ní 400 yáàdì. Malan kọ̀, ó ní ibẹ̀ jìnnà jù. Ó ní kí wọ́n to tirẹ̀ sí 250 yáàdì, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré létí, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀tá dé ibi tí òun náà ti lè pa ọ́. Ní 400 yáàdì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kàn ń da ọta nù sófuurufú ni. Ní 250, ọta ìbọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ balẹ̀ sójú kan, irin á sì ya.

Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe ń tò. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ni RAF ń fò, ọ̀gá níwájú, àwọn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Àwọn méjì yẹn ò lè wo ẹ̀yìn, torí pé ìyẹ́ ọ̀gá wọn ni wọ́n ń wò kí wọ́n má baà lu ara wọn. Àwọn ará Jámánì ti kọ́ ọgbọ́n tirẹ̀ nínú ogun Sípéènì: méjì-méjì àti mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń fò, wọ́n sì jìnnà síra wọn kí kálukú lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn ẹnì kejì. Malan wà lára àwọn tó tètè pa mẹ́ta-mẹ́ta tì. Ó pín ìkọ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Mi ò ní sọ pé ó dáa tó ti Jámánì, torí pé ẹni tó wà ní ìparí ìlà ni wọ́n sábà máa ń já lulẹ̀ kí àwọn tó wà níwájú tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dáa ju ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ, ẹ̀mí èèyàn sì yọ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òfin mẹ́wàá tó kọ sílẹ̀ fún àwọn awakọ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri káàkiri ibùdó RAF. Kókó inú rẹ̀ rèé: má yìnbọn títí o fi sún mọ́ ọ̀tá pẹ́kípẹ́kí, má sì yìn ín ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó o bá ń yìnbọn, má ro nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá wà lókè ló ni ìjà. Tí wọ́n bá kọlù ọ́, yíjú sí wọn. Ìpinnu tó yá tí kò pé sàn ju èyí tó pé tó pẹ́ lọ. Má fò ní ọ̀gbọọrọ fún ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ níbi tí ìjà wà. Tẹ́ ẹ bá ń já wálẹ̀ lọ kọlù wọ́n, ẹ fi àwọn kan sókè kí wọ́n máa ṣọ́ yín. Tètè wọlé, lù ú gidi, kó o sì jáde.

Mo ti ka òfin yìí títí, mi ò rí ọ̀rọ̀ ìwúrí kan tí kò wúlò nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ padà sílé ló kọ ọ́.

Àjàní_Ọmọ_Ọdẹ:

Ẹ̀rọ, o kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ti Merlin, ẹ̀rọ tó ń gbé Spitfire, kún un. Spitfire ìgbà yẹn ò lè ti imú sísàlẹ̀ lójijì, epo á já, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Messerschmitt 109, bàálù ìjà Jámánì, lè ṣe é, torí pé ọ̀nà mìíràn ni epo tirẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀rọ. Ará Jámánì tí Spitfire ń lé kàn máa ti imú sísàlẹ̀ ni, ó ti lọ nìyẹn. Obìnrin oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan, Beatrice Shilling, ló wá ojútùú sí i ní 1941: awẹ́ irin kékeré kan tó ní ihò láàárín, tó ń díwọ̀n epo tó ń wọlé. Ó yẹ kí wọ́n máa dárúkọ obìnrin yẹn pẹ̀lú àwọn awakọ̀.

Mo ní ìbéèrè kan. Mo kà á pé ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1940, Malan ló yìnbọn lu Werner Mölders, akọni Jámánì, tí Mölders fi fara gbọgbẹ́ tó sì rọra gbé bàálù rẹ̀ padà sí Faransé. Ṣé ó dájú?

Ẹ̀rọ_Òun_Ìyẹ́:

Mölders fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, Malan àti ìkọ̀ 74 sì wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Ẹni tó lù ú gan-an ni àwọn òpìtàn ń jà lé lórí títí di òní, àwọn mìíràn ní awakọ̀ ìkọ̀ mìíràn ni. Èmi ò ní kà á mọ́ ọn lọ́rùn. Orúkọ rẹ̀ ò ṣe aláìní débi tí a ó fi máa fi iyèméjì kún un.

Ìyá_Òǹkàwé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ń kà á látàárọ̀, mo sì ń retí ẹni tí yóò dárúkọ ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1939. Kò sẹ́ni tó dá a sọ. Mi ò ní jẹ́ kí a fò ó.

Ọjọ́ kẹta tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀tá ń bọ̀, irọ́ ni, àṣìṣe wà nínú ètò réédà àti ìròyìn tó ń lọ káàkiri. Wọ́n gbé Hurricane, bàálù ìjà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ti ìkọ̀ 56 dìde láti North Weald. Wọ́n tún gbé Spitfire ìkọ̀ 74 dìde, Malan ló ṣáájú apá kan nínú wọn. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ méjì, Freeborn àti Byrne, kọlu Hurricane méjì, wọ́n rò pé ti Jámánì ni. Montague Hulton-Harrop kú níbẹ̀. Òun ni awakọ̀ bàálù ìjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó kú nínú ogun yẹn, ọwọ́ ará ilé rẹ̀ ló sì kú sí.

Wọ́n gbé Freeborn àti Byrne lọ sí ilé ẹjọ́ ológun. Àwọn méjèèjì ní Malan ló pàṣẹ pé kí àwọn kọlù wọ́n. Malan ní òun ti pàṣẹ pé kí wọ́n dúró. Ó wá jẹ́rìí fún olùpẹ̀jọ́, ó ta ko àwọn ọmọ abẹ́ ara rẹ̀. Agbẹjọ́rò wọn pè é ní òpùrọ́ ní gbangba. Ilé ẹjọ́ dá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì sílẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tó ṣe ní 1951, mo sì fara mọ́ Oríadé pé ìyẹn tóbi. Àmọ́ tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgboyà ọkùnrin kan, ìgboyà láti gba ẹ̀bi wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí mo tíì kà tó fi hàn mí pé ó ní ìyẹn lọ́jọ́ yẹn.

Oríadé_Awòtàn:

Mo dọ̀bálẹ̀, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí lára nítorí pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé ilé ẹjọ́ náà ò dá Malan lẹ́bi, kò sì sí ohun tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà tí a ó fi mọ ẹni tó ń parọ́ tàbí ẹni tí etí rẹ̀ tàn jẹ. Freeborn ò kúrò ní ìkọ̀ 74. Ó fò lábẹ́ Malan ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1940, òun náà gba DFC. Ṣùgbọ́n kò dárí ji ọ̀gá rẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó.

Ìyá_Òǹkàwé:

O ṣeun, ọmọ mi. Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí orúkọ Hulton-Harrop wà nínú ohun tí a ń kọ ni.

Kọ́lá_Onímọ̀-ìṣirò:

Ẹ jọ̀wọ́, iye bàálù tí wọ́n ń kà yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1940 ni wọ́n fi Malan ṣe olórí ìkọ̀ 74. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ 11, ìkọ̀ náà gbéra lẹ́ẹ̀mẹrin, láti ìdájí títí di ọ̀sán, wọ́n sì padà wá sọ pé àwọn já bàálù 38 lulẹ̀. Ìkọ̀ kan, ọjọ́ kan! Ohun tí àwọn ará Jámánì kọ sílẹ̀ nípa bàálù tí wọ́n pàdánù lọ́jọ́ náà ò lè gbà bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn ìkọ̀ mìíràn náà jà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì ka tiwọn.

Ẹ̀rọ_Òun_Ìyẹ́:

Kọ́lá, òtítọ́ lo sọ. Gbogbo ẹgbẹ́ ogun ló ń kà á jù, Jámánì náà ń kà á jù. Kì í ṣe irọ́ pípa. Tí èèyàn mẹ́ta bá yìnbọn lu bàálù kan, tí èéfín yọ, tí ó sì já wọ inú ìkùukùu, kálukú á sọ pé òun ni. Àwọn mìíràn á rí i tó ń já wálẹ̀, wọn ò sì ní rí i nígbà tó bá tún gbórí sókè létí omi tó sá lọ. Ẹni tó ń fò ní nǹkan bí 300 máìlì láàárín wákàtí kan ò lè dúró wò ó dé ilẹ̀, ẹni tó bá dúró wò ó, òun náà á kú. Torí náà, 27 ti Malan, iye tí RAF fọwọ́ sí ni.

Èyí tí kò ní iyèméjì kankan ni ti òru kan nínú oṣù Kẹfà 1940. Spitfire ò dára lálẹ́ rárá, iná tó ń jáde lẹ́nu èéfín ẹ̀rọ rẹ̀ ń fọ́ awakọ̀ lójú. Malan tọrọ àyè, ó gbéra nìkan, ó sì já Heinkel méjì, bàálù ajubọ́ǹbù Jámánì, lulẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan já sí Chelmsford. Ó fi gba DFC kejì.

Àṣàkẹ́_M:

Ẹ̀yin àgbà, mo ń gbádùn rẹ̀. Báwo ni ogun ṣe parí fún un? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ yẹn ni wọ́n kú.

Àjàní_Ọmọ_Ọdẹ:

Lóòótọ́ ni. Mungo-Park tó gba ìkọ̀ 74 lọ́wọ́ rẹ̀ kú ní oṣù Kẹfà 1941. Malan ti kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n fi ṣe olórí àwọn ìkọ̀ tó ń fò láti Biggin Hill lọ sórí ilẹ̀ Faransé. Ó jà gidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, lẹ́yìn náà ló sọ fúnra rẹ̀ pé ó ti rẹ òun, kí wọ́n fún òun ní ìsinmi. Wọ́n fún un. Kò tún padà sí ojú ìjà bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn mìíràn. Ó di ọ̀gá ibùdó Biggin Hill ní 1943, ó ṣáájú ẹgbẹ́ bàálù 145 nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Normandy, etíkun Faransé, ní 1944, ó sì fi RAF sílẹ̀ ní 1946 ní ipò Group Captain.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ibi tó ti ní ó rẹ òun. Ní àkókò yẹn, òun ni ẹni tí iye rẹ̀ pọ̀ jù láàárín àwọn awakọ̀ RAF tó ń fò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn ń gbé àwòrán rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e sílé. Mungo-Park ò dúró, òun náà ń rẹ̀ ẹ́, kò sì padà wálé. Láti jókòó síbẹ̀ kó o sọ pé ojú mi ò ríran bíi ti àná mọ́, kí n tó pa ara mi, kí n tó pa àwọn tó ń tẹ̀ lé mi, ìyẹn gba ọkàn.

Bàbá_Aṣòfin:

Ẹ jẹ́ kí n gba 1951 sọ, torí pé òfin ni iṣẹ́ mi, bó ṣe lọ sì ń ká mi lára títí di òní.

Láti ìgbà tí wọ́n ti so Gúúsù Áfíríkà pọ̀ ní 1910, àwọn ọkùnrin Coloured (àwọn tí ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà pàdé nínú wọn) ní Cape tí wọ́n ní ohun ìní tàbí owó iṣẹ́ tó níye, tí wọ́n sì mọ̀wé kọ, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò lórí ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun. Òfin tó dá orílẹ̀-èdè yẹn sílẹ̀ dáàbò bo ẹ̀tọ́ náà: kò sẹ́ni tó lè mú un kúrò àfi tí ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì bá jókòó pọ̀, tí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta wọn sì fọwọ́ sí i. Ìjọba D. F. Malan ò ní iye yẹn. Ní 1951 wọ́n ṣe òfin láti yọ orúkọ àwọn Coloured kúrò, ìbò lásán ni wọ́n fi gbà á.

Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ogun àtijọ́ dìde. Wọ́n ní àwọn ò lọ bá Hitler jà kí àwọn wá padà sílé wá bá irú ẹ̀ níbẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n máa ń jáde, pẹ̀lú ìtùfù lọ́wọ́, ibẹ̀ ni orúkọ Torch Commando ti wá. Sailor Malan, tó ti ń dáko lẹ́bàá Kimberley, ni wọ́n fi jẹ ààrẹ. Ní oṣù Karùn-ún 1951, ọ̀wọ́ mọ́tò àwọn ọmọ ogun àtijọ́ kóra jọ láti gbogbo ìhà orílẹ̀-èdè náà, wọ́n wọ Cape Town, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì jáde wá pàdé wọn níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀ jù, nǹkan bí 250,000 ni wọ́n kà pé ó wà nínú rẹ̀.

Ní 1952 ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé òfin náà nínú ẹjọ́ Harris, wọ́n ní kò bá òfin orílẹ̀-èdè mu. Gbogbo èèyàn yọ̀. Àmọ́ ní 1953 àwọn Nationalist, ẹgbẹ́ òṣèlú D. F. Malan, tún wọlé, ìjókòó wọn pọ̀ sí i. Torch Commando fọ́. Ní 1955 ìjọba fi àwọn tiwọn kún ilé ìgbìmọ̀ àgbà títí iye wọn fi tó, ní 1956 wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ ìbò yẹn lọ́wọ́ àwọn Coloured.

Òtítọ́_Korò:

Bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní láti sọ apá kejì.

Nígbà tí ẹ ní "àwọn ọmọ ogun àtijọ́," àwọn aláwọ̀ funfun ni. Àwọn ọkùnrin Coloured wà nínú Cape Corps, wọ́n sìn nínú ogun kan náà. Wọ́n ń bèèrè pé kí àwọn náà wọ Torch Commando, ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ wọn lòun ń jà fún. Ọ̀rọ̀ yẹn dá wàhálà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ aṣáájú ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn olùdìbò aláwọ̀ funfun á sá. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú, tó pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà, kò tilẹ̀ sí lórí tábìlì. Òfin tí wọ́n ń dáàbò bò, òfin tó ti ré ọ̀pọ̀ jù náà kọjá ni.

Ọdún 1952 tí Bàbá dárúkọ yẹn kan náà ni ANC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo títàpá sí òfin apartheid, èèyàn tó ju 8,000 lọ ló wọ ẹ̀wọ̀n. Torch Commando ò bá wọn rìn. Mi ò sọ pé Malan ò nígboyà. Mo ń sọ pé ìgboyà rẹ̀ ní ààlà, àwọ̀ ni wọ́n sì fi pa ààlà náà.

Oríadé_Awòtàn:

Òtítọ́_Korò, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó o sọ tí mo lè jiyàn rẹ̀. Ó yẹ kí ó wà nínú ìtàn yìí, kó sì wà níbẹ̀ tóbi.

Síbẹ̀, jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Afrikaner ni, láàárín àwọn Afrikaner ló ń gbé, oko rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà níbẹ̀. Ká ní ó fẹ́ ipò nínú ìjọba tuntun yẹn, orúkọ rẹ̀ àti àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ì bá gbé e dé ibikíbi. Ó kọ̀ ọ́. Àwọn tó jọ jẹ́ Afrikaner pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Lójú òfuurufú ní 1940, gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ sì ń dúró dè é nílẹ̀. Ní 1951 kò sí èyí tó ń dúró dè é.

Àrùn Parkinson ló pa á, ní Kimberley, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1963, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ìjọba ò fún un ní ìsìnkú ológun, wọ́n sì ní kí ọmọ ogun kankan má wọ aṣọ iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó gba DSO méjì àti DFC méjì! Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ṣe sí wọn.

Ìyá_Òǹkàwé:

Wọ́n ní kí wọ́n má wọ aṣọ ológun lọ síbi òkú rẹ̀? Mi ò mọ ìyẹn. Ó bí mi nínú ju bí mo ṣe rò lọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa rẹ̀.

Òtítọ́_Korò:

Ìyá, ó bí èmi náà nínú. Ẹ̀gbọ́n Oríadé, mo gbà pé ìjọba yẹn bẹ̀rù orúkọ rẹ̀, kódà lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ sọ ti akọni Gúúsù Áfíríkà tí wọn ò bọ̀wọ̀ fún, ẹ má jẹ́ kó tán sórí awakọ̀ bàálù. Job Maseko wà níbẹ̀. Native Military Corps ló wà, níbi tí wọn kò ti fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìbọn. Àwọn Jámánì mú un ní Tobruk ní 1942. Níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe iṣẹ́ ẹrù ní èbúté, ó fi ìṣùpọ̀ ẹ̀tù sínú agolo mílíìkì, ó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi wọn láàárín àwọn garawa epo, ó sì rì í. Military Medal ni wọ́n fún un. Ó padà sílé, ó kú nínú ìṣẹ́ ní 1952, ọdún tí Torch Commando ń ṣe àpéjọ kiri.

Ẹ̀rọ_Òun_Ìyẹ́:

Òtítọ́_Korò, jọ̀ọ́ ṣí ìjíròrò tirẹ̀ fún Maseko, má fi sí abẹ́ ti Malan. Bí ó ṣe ṣe agolo yẹn nìkan tó láti fi sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Òtítọ́_Korò:

Mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Lálẹ́ òní ni n ó gbé e síta.